Àga Ìyá Ìjọ

Ìdí Rẹ̀míláyọ̀ fúnra rẹ̀ ló fọ́ àga náà. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi apá kan ọ̀rọ̀ pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n. Kò sí ẹni tó tì í, kò sì sí ẹni tó pè é pé kó wá jókòó. Àga Ìyá Ìjọ ni, àga ìrókò àtijọ́ alápá méjì tó wà lápá òsì pẹpẹ nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Awoyaya. Ìyá tó ń jókòó sórí rẹ̀ ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ní Ìbàdàn, àga sì ti ṣófo fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé Rẹ̀míláyọ̀, tí wọ́n ń pè ní Màmá Ṣèyílọ́lá, ni oyè náà kàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń gbá ilé Ọlọ́run, tó ń pọn omi, tó ń fọ sùtánà olùṣọ́. Nítorí náà, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan tó rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ní kóun dán an wò, kóun mọ bí ọlá ṣe ń rí lábẹ́ ìdí.

Ó yẹ kó rọra. Kò rọra. Ó yí ìdí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ki gàrí mọ́ inú àpò. Àga ké pàù. Okùn tó gbé tìmùtìmù dúró já, ìdí bá ihò wọlé, ẹsẹ̀ méjèèjì yọ sókè. Ìdí tó ti bí ọmọ márùn-ún kì í ṣe ohun tí igi arúgbó lè gbé láìpariwo.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ì bá fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí alẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àdúràgbèmí, aṣáájú akọrin, ló wọlé. Obìnrin ọ̀hún kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta lọ. Kò na ọwọ́. Fóònù ló kọ́kọ́ yọ.

"Màmá, ẹ má mira," ló wí, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. "Ẹ jẹ́ kí n yà yín ná, kí n tó fà yín."

Kó tó dìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ Rẹ̀míláyọ̀ ti wà lókè lórí Wasáàpù ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ìyá Àdúràgbèmí kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, "Àga ti kọ Màmá." Àwọn tí Rẹ̀míláyọ̀ gbẹ̀bí ọmọ wọn wà lára àwọn tó fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Olùṣọ́ Akínọ̀ṣọ́ dìde. Ó ní ohun tí gbogbo ìjọ rí náà lòun rí, pé Ìyá Àdúràgbèmí ni Ìyá Ìjọ tuntun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni wọn yóò sì fi í jókòó. Ó fi kún un pé kí Màmá Ṣèyílọ́lá bá ìjọ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Rẹ̀míláyọ̀ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ẹnu ló fi dúpẹ́.

Kẹ̀kẹ́ Marwa ló fi gbé àga dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Waliyat, aládùúgbò rẹ̀ tó ń rán aṣọ fèrèsé fún àwọn olówó Lẹ́kkí Phase 1, jáde wá wò ó.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀gá kan tó ń tún àga ṣe fún yín ní Igbó Ẹfọ̀n. Ọjọ́ kan péré ni yóò fi ṣe é."

"Mi ò fẹ́ kí ojú ọ̀gá kankan wo inú àga yìí. Ọwọ́ ara mi ni n ó fi ṣe é."

"Ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

"Mo ti di ìtẹ́dìí fún ọmọ márùn-ún. Kí ló yàtọ̀ níbẹ̀? Ìdí náà ni."

Ó yàtọ̀. Ìtẹ́dìí kì í gún èèyàn lọ́wọ́ ní igba ìgbà. Síkúrúdíráfà ló fi ń hú ìṣó tó ti dípẹtà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí aṣọ àtijọ́ fi bọ́ kúrò lára igi. Ó kó aṣọ náà jọ, ó dáná sun ún. Ìgbà tó jó tán ni Waliyat bi í pé àkísà náà dà.

"Mo ti sun ún."

"Òun lẹ ò bá tẹ́ sórí tuntun láti fi gé e, Màmá. Kí lẹ fẹ́ fi wọ̀n ọ́n báyìí?"

Rẹ̀míláyọ̀ wo iná, ó wo àga, ó bú sẹ́rìn-ín. "Orí burúkú kì í wú tuulu," ó ní. "Ìdí ara mi ni n ó fi wọ̀n ọ́n. Ó ṣáà ti mọ ibẹ̀ dáadáa."

Ó ra rọ́bà inú táyà lọ́wọ́ fọkanáísà, ó là á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi hun ìsàlẹ̀ àga bí ẹni hun ẹní, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lábẹ́. Ọ̀bẹ búrẹ́dì ló fi gé fóòmù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé e lé e, àga náà dà bí aboyún oṣù mẹ́sàn-án. Ó tún un gé. Òòlù jẹ àtàǹpàkò rẹ̀ títí èékánná fi dúdú. Lọ́jọ́ kan tó jókòó sílẹ̀ tó ń kan ìṣó, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde: ó ti kan etí ìró ara rẹ̀ mọ́ àga. Ìhòhò ló fi sáré wọlé lọ wá ìró mìíràn, ẹ̀rín ń gbà á lọ́nà. Ṣùgbọ́n tó bá ti rántí fóònù yẹn, ẹ̀rín á gbẹ, òòlù á sì tún máa sọ̀kalẹ̀, gbà, gbà, bí ẹni pé orí ẹnìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kan aṣọ, ó lọ bá Waliyat. "Fún mi ní ègé àrán pupa tó ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́ níjọ́sí."

"Pupa kẹ̀? Mùsùlùmí ni mí, èmi gan-an mọ̀ pé pupa kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì yín."

"Abẹ́ funfun ni yóò wà. Ta ni yóò rí i?"

"Ta ni yóò jókòó lé e?"

"Fún mi láṣọ, Waliyat. Fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Nínú ìjọ yẹn, pupa ò gbọdọ̀ kan ara, dúdú náà ò gbọdọ̀ kàn án. Kò sì sí ẹni tó le lórí òfin náà bí Ìyá Àdúràgbèmí. Ó ti fi abẹ ha ọ̀dà pupa kúrò léèékánná ọmọge kan rí lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Rẹ̀míláyọ̀ na àrán náà bo fóòmù, ó fà á le, ó kàn án mọ́lẹ̀. Ó fi aṣọ funfun ìlọ́po méjì bò ó. Ọdún kan gbáko ni obìnrin yẹn yóò fi jókòó lórí pupa láìmọ̀. Tó bá di ìkórè àmọ́dún, òun yóò wá tú u lójú gbogbo ayé. Ó fọwọ́ pa àga náà lórí bí ọmọ. "Bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa," ó wí fún un.

Ọjọ́ ìfinijókòó pé. Gbogbo ìjọ yin àga. Ó wọ́ díẹ̀ lápá kan, ṣùgbọ́n ó funfun bí ẹyin lékeléke. Ìyá Àdúràgbèmí dé nínú sùtánà tuntun, ó na ìka kan tẹ tìmùtìmù náà.

"Màmá, ẹ gbìyànjú," ló wí kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "Ìdí yín fọ́ ọ, ọwọ́ yín tún un ṣe. Ẹ ti sanwó ìran tí ẹ fi hàn wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rẹ̀míláyọ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. "Jókòó, ọmọ mi," ó ní. "Jókòó dáadáa."

"Kò tíì yá," ni Olùṣọ́ Akínọ̀ṣọ́ wí. "Ẹ gbé omi wá."

Omi. Rẹ̀míláyọ̀ rántí pé àwọ̀ àrán pupa yẹn yóò ṣàn bí omi bá kàn án. Ohun tuntun kan kì í dúró nínú ilé náà láìjẹ́ pé wọ́n fi omi àdúrà yà á sí mímọ́, òun tó sì ti ń pọn omi ọ̀hún láti ọdún mọ́kàndínlógún ló gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló pọn ún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Olùṣọ́ kì í wọ́n omi, dídà ló ń dà á. Ó da korobá kan sórí àga, ó da lọ́fínńdà lé e. Fóòmù mu ún ní àmuyó. Fún ìgbà díẹ̀, funfun ṣì wà ní funfun. Olùṣọ́ di Ìyá Àdúràgbèmí lọ́wọ́ mú, ó fi í jókòó.

Akọrin gbé orin. Ìyá Àdúràgbèmí jó lórí ìjókòó díẹ̀, ó wá dìde láti tẹríba fún ìjọ, ó kọ ẹ̀yìn sí pẹpẹ. Àwọn tó wà lẹ́bàá pẹpẹ ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Ìyá Ìjọ," ni obìnrin kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ̀yìn yín."

Ìdí sùtánà tuntun ti pupa láti ìbàdí dé orúnkún. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í sì í wọ ilé náà. Àwọn ọkùnrin yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ìyá sún sẹ́yìn.

"Ó ti dá lára mi," Ìyá Àdúràgbèmí ń wí, ó ń yí po bí ajá tó ń wá ìrù rẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ló ti dá. Ẹ gbà mí gbọ́."

Lójú Rẹ̀míláyọ̀, kò tíì sí ijó tó dùn tó yẹn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Olùṣọ́ wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kì í ṣe òun. Àga ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí lo ṣe, Ìyá Àdúràgbèmí, tí àga fi kọ̀ ọ́?"

Lóòótọ́, pupa ti ń kán láti ìsàlẹ̀ àga sórí ilẹ̀ funfun, tó, tó, tó. Ìyá Àdúràgbèmí wò ó. Ó wo ìjọ. Ó wá lulẹ̀ lórí orúnkún, ó sì fi orúnkún méjèèjì rìn gba àárín gbogbo wọn kọjá, títí ó fi dé iwájú Rẹ̀míláyọ̀. Rẹ̀míláyọ̀ sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ìrìn náà lè gùn sí i.

"Mo mọ ohun tí mo ṣe," ni obìnrin náà wí, omi ojú àti ikun imú ti dà pọ̀. "Mo fi àgbàlagbà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúró, mo ń ya ìhòhò ìyá mi, dípò kí n fà á dìde. Èmi náà ni mo gbé àwòrán yẹn lọ bá Olùṣọ́, mo ní kí wọ́n wo ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè."

Èyí ni Rẹ̀míláyọ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé e mì. Ó korò, ó dùn. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, Olùṣọ́ pàápàá dúró tì í bí ọmọdé tó ń dúró de oúnjẹ. Lẹ́yìn wọn, àga ń kán.

Ìyá Àdúràgbèmí di etí sùtánà Rẹ̀míláyọ̀ mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ létí ìgbọ́ wọn pé ẹ ti dárí jì mí, kí ẹ̀jẹ̀ yìí lè dá."