Aago Tó Ń Kú Lọ́wọ́ Bàbá

Ká má purọ́, ayédèrú ni aago náà. Mo mọ̀ nígbà tí mo rà á, ẹni tó tà á fún mi mọ̀, Bàbá náà sì mọ̀ lọ́jọ́ tí mo fi í lé wọn lọ́wọ́. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ka orúkọ iwájú rẹ̀, wọ́n rí i pé lẹ́tà kan ti sọnù nínú rẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Orúkọ ò kàn mí. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Ó ń ṣiṣẹ́. Ojú kéékèèké mẹ́ta wà nínú rẹ̀, bọ́tìnnì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ pupa tín-ín-rín kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá tẹ bọ́tìnnì òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí o bá tún tẹ̀ ẹ́, á dúró. Bí o bá tẹ ti ìsàlẹ̀, á padà sílé. Oníbúrẹ́dì ni Bàbá. Ọwọ́ pupa yẹn ni wọ́n fi ń ṣọ́ búrẹ́dì nínú ààrò, búrẹ́dì wọn kì í sì í jóná.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ilé, ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Alága là ń pè é, nítorí kò sí ìpàdé tí kì í darí, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò pè é sí. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Kí ni aráyé á máa sọ, pé a dàgbà tán, bàbá wa ṣì ń po ìyẹ̀fun? "Bàbá, ẹ ti ṣe é tó. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹ èrè ọmọ." Gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Ọlá ni lójú wa. A ra àga onítìmùtìmù ńlá kan, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a fi Bàbá jókòó sínú rẹ̀. Ilé búrẹ́dì wá di ti èmi àbíkẹ́yìn, tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí aago fi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ọwọ́ pupa kọ̀, kò padà sílé mọ́. Á dúró lágbedeméjì bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó rà. Nígbà tó yá, aago fúnra rẹ̀ kú. Bàbá gbọ̀n ọ́n, ó jí. Ilẹ̀ mọ́, ó tún kú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, àfìgbà tí Màámi pè mí sẹ́yìn ilé.

"Bàbá rẹ ò jẹun dáadáa mọ́," ni Màámi wí. "Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo aago tó ti kú. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní a ti lo àwọn àti aago náà tán."

Bàbá mi kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èèyàn tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń jí wa láàárọ̀. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé bí aago yìí bá lè ṣiṣẹ́ padà, ara Bàbá á yá. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo sọ ọ́ sápò, ó di ìgboro.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ tutù débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun gba aago, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e padà sórí gíláàsì bí ẹni tó ṣèèṣì di eku mú. "A kì í fọwọ́ kan irú èyí níbí." Mo ní ṣé kò tíì fọwọ́ kàn án ni? Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó jù ú sí agbọ̀n ìdọ̀tí lójú mi. Ẹ gbà mí o! Inú bí mi débi pé mo forí sọ ilẹ̀kùn gíláàsì wọn bí mo ṣe ń jáde.

Ẹnì kejì jókòó sábẹ́ agboòrùn létí títì. Òun ò ṣe fáàrí rárá. Ó fi ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn aago, ó yọjú wò ó, ó pòṣé.

"Wọ́n ti jí bátìrì ẹ̀ lọ."

"Kì í lo bátìrì, bọ̀dá."

"Mo ní wọ́n ti jí i lọ! Ta lẹ kọ́kọ́ gbé e fún kẹ́ ẹ tó wá síbí?"

Ojú àánú ló fi ń wò mí. Ó ní òun á fi òmíràn sí i fún mi, bí òun bá ti rí ibi tí wọ́n ń fi í sí. Mo já aago gbà kó tó rí i.

Oníbàárà mi kan ló júwe Ìyá Aláago. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá rẹ̀ wà. Aago bo gbogbo ògiri, kò sì sí méjì tí ẹnu wọn kò. Obìnrin olóhùn gooro ni, ó há awò kékeré kan mọ́ ojú ọ̀tún, kì í sì í yọ ọ́ bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, torí náà ojú ńlá kan ló ń wò mí látòkè délẹ̀.

"Ayédèrú," ló fi kí mi káàbọ̀.

"Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà bá mi tún un ṣe. Ti bàbá mi ni."

"Ẹni tó ṣe èyí gan-an ò mọ ohun tó kó sínú ẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí awò fi fẹ́ jábọ́. Ó ṣí aago náà. "Yéè! Ìyẹ̀fun rèé! Ṣé inú àpò ìyẹ̀fun ló ń sùn ni?"

Ó fẹ́ ìyẹ̀fun kúrò, ó kán òróró díẹ̀ sí i, ó dá ọwọ́ pupa padà sí àyè rẹ̀. Ó fi irin pẹlẹbẹ kan hàn mí tó ń yí gbiri bó ṣe ń mi aago. "Ẹnu ẹ̀ nìyí. Apá ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń fún un lóúnjẹ. Tí apá bá mì, irin á yí, aago á jẹun yó." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ pupa tó ń sáré lọ tó ń sáré bọ̀ ni mò ń wò, inú mi sì ń dùn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, aago ti tún kú lọ́wọ́ Bàbá.

Mo gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìyá Aláago bí ẹni tó fẹ́ lọ jà, nítorí ìjà ni mo fẹ́ lọ jà lóòótọ́. Ó gba aago lọ́wọ́ mi. Ó so aago mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń fi apá méjèèjì bú mi, aago sì ń lọ geere. "Ìwọ náà lọ wọ̀ ọ́ kó o tó wá pariwo lé mi lórí!"

Mo wọ̀ ọ́. Mo tì í sókè sí ìgbúnwọ́, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Mo po ìyẹ̀fun, mo ti páànù sínú ààrò, mo fà á jáde. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, aago ò kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ri ọwọ́ sínú ìyẹ̀fun, tí mò ń tì í síwá tí mò ń fà á sẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ Ìyá Aláago tó wá yé mi. Mo dúró gbagidi. Aago ò ṣàìsàn. Apá Bàbá ni kò ríbi mì mọ́, àwa ọmọ wọn la sì mú un jókòó. Ojú tì mí. Mi ò wẹ ọwọ́ tán tí mo fi gba ilé lọ.

Mo bá Alága níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un lójú Bàbá àti Màámi, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgbúnwọ́ mi.

"Ṣé torí ìyẹn lo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ?" ni Alága wí. "Wọn ò ha lè máa wáìn ín?"

Ká sọ tòótọ́, wọ́n lè wáìn ín: orí kékeré kan wà láàárín bọ́tìnnì méjèèjì tí èèyàn lè máa fọwọ́ yí. Alága gba aago, ó wáìn ín, ó so ó mọ́ Bàbá lọ́wọ́, ó sì rọra gbá ọwọ́ náà pẹ́pẹ́. "Ó tán. Màá máa wá wáìn ín fún yín láràárọ̀, Bàbá."

Bàbá wo ọwọ́ wọn lórí apá àga náà, ọwọ́ tó ti mọ́ jù, tó ti rọ̀ jù.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Èmi ńkọ́? Ta ló máa máa wáìn èmi?"

Màámi fi etí aṣọ nu ojú.

Alága ló kọ́kọ́ mira. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá bàtà Bàbá lábẹ́ àga, ó kúnlẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ fún wọn. "Ẹ má bínú sí wa, Bàbá," ló ń sọ, "ẹ má bínú."

Bàbá fi ọwọ́ kàn án lórí. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ìyẹ̀fun wo lo fi sílẹ̀ tó o fi sáré wá síbí?"

"Ti àárọ̀ yìí ni, sà."

"Á ti wú jù," ni Bàbá wí, wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n fa àwọn dìde, wọ́n sì ṣáájú mi jáde.