Ìdánwò Sójà Nílé Stidham

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ tí Delmar sọ pé òun fẹ́ wọṣẹ́ sójà. Kò gbójú sókè. Ó kàn sọ ọ́ sínú àwo, ó sì ń jẹun lọ, àfi bí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun na iyọ̀.

Kò ya Tressa, ìyàwó rẹ̀, lẹ́nu. Ó ti ń retí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ibi ìwakùsà èédú tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé wọn ní West Virginia ti kógbá sílé ni Delmar ti di ẹni tó ń jí láàárọ̀ tí kò mọ ibi tí yóò gbà. Ó gbé pizza kiri, ó gé koríko, ó ń tún mọ́tò àwọn ará àdúgbò ṣe, ẹyin àti ọ̀dùnkún ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń dúpẹ́. Tressa ní tirẹ̀ ń fọ aṣọ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn méjèèjì àti Opal, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ti kó wá sílé Verlene, ìyá Delmar, inú yàrá tí Delmar ń sùn nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Sójà kẹ̀?" Verlene ló dáhùn. "Kí wọ́n lè lọ yìnbọn pa ọ́ níbi tí mi ò lè pe orúkọ ẹ̀?"

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa jókòó sílé, kí n máa bá yín wo tẹlifíṣọ̀n?"

"Kí ló ṣe tẹlifíṣọ̀n mi?"

Tressa bú sẹ́rìn-ín, Delmar náà rẹ́rìn-ín, Verlene sì ń kùn sí wọn títí wọ́n fi palẹ̀ àwo mọ́.

Ẹni tó ń gba àwọn èèyàn síṣẹ́ sójà nílùú wọn ni Sájẹ́ńtì Kittle, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ò le tó bí ojú rẹ̀ ti le. Ó sọ fún Delmar pé kí èèyàn tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ jókòó ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọgbọ́n orí rẹ̀ dá lé: ìṣirò, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti iná mànàmáná. Ẹni tí kò bá gba máàkì mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ilé ló ń lọ.

"Kì í ṣe nǹkan bàbàrà," obìnrin náà sọ. "Ṣebí o ti jáde ilé ìwé gíráàmù?"

"Mo ti jáde, mà," Delmar sọ. Kò fi kún un pé agbára káká lòun fi jáde. Tressa nìkan ló mọ̀ pé bí ọkọ òun bá ń kàwé, ètè rẹ̀ a máa mì, tó bá sì fi máa dé ìparí gbólóhùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á ti sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó lọ jókòó ìdánwò náà ní Beckley, ó sì gba méjìlélógún. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan.

Tressa bá yá ìwé ìgbáradì kan ní ilé ìkówèésí. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, òun àti Delmar á jókòó sídìí tábìlì ìdáná, Opal á sì wà lábẹ́ tábìlì tó ń to bébà kiri.

"Ọkùnrin méjì kun ilé kan ní ọjọ́ mẹ́fà," Tressa kà á jáde. "Tó bá jẹ́ ọkùnrin mẹ́ta ni, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa lò?"

"Ó dọwọ́ irú ọkùnrin tí wọ́n bá jẹ́. Tí Ọ́ńkù Roscoe bá lè wà ńnú wọn, a ò tíì ní kun ilé yẹn tán di Kérésì."

"Delmar!"

"Ó dáa, ó dáa. Mẹ́sàn-án?"

"Àwọn èèyàn ti pọ̀ sí i, ọjọ́ á wá tún gùn sí i?"

"Mo ṣáà ti sọ fún ẹ pé Roscoe wà ńbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin ni. Kí Tressa tó ka ìbéèrè náà tán ni ìdáhùn ti dúró sí i lọ́kàn, kò sì mọ bó ṣe débẹ̀. Kò tíì ronú kan ara rẹ̀ rí bí ẹni tó mọ̀wé. Ó lóyún Opal nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, ọ̀rọ̀ ìwé sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láwọn àárọ̀ yẹn, nígbà tó bá ń to aṣọ arúgbó sínú ẹ̀rọ, ó máa ń rí i pé inú ìbéèrè lòun ṣì wà, inú òun sì ń dùn.

Delmar lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó gba mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó gba méjìdínlọ́gbọ̀n. Níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti mọ́tò, ó fakọ yọ, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Ìṣirò àti ìwé kíkà ni. Tó bá sì fẹ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹrin, àfi kó dúró fún oṣù mẹ́fà gbáko.

Ọjọ́ tí Sájẹ́ńtì Kittle sọ èyí fún un, Tressa wà níbẹ̀. Delmar fi fìlà rẹ̀ sórí eékún, ó ń yí i po.

"Mi ò fẹ́ kí ọkàn ẹ rẹ̀wẹ̀sì," Sájẹ́ńtì sọ. "O ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ta ló ń kọ́ ẹ nílé?"

Delmar fi orí júwe ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin náà wo Tressa fún ìgbà díẹ̀, ó fa bébà kan yọ, ó sì bi í ní ìbéèrè kan. Tressa dáhùn. Ó bi í ní òmíràn, ó tún dáhùn. Nígbà tó di ìkẹrin, Sájẹ́ńtì gbé bébà náà kalẹ̀.

"Ìwọ gan-an ńkọ́? O ò rò ó rí?"

"Èmi kẹ̀? Mà, mo ní ọmọ nílé."

"Èmi náà ní. Ọmọkùnrin mi ò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí mo wọṣẹ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ."

Delmar rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá àpárá fún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n wakọ̀ dé orí afárá, Delmar la ẹnu. "O gbádùn ẹ̀, àbí?"

"Gbádùn kí ni?"

"Bó o ṣe ń dá a lóhùn wàràwàrà níṣojú mi. Bí ẹni pé igi lásán ni mí."

"Ó bi mí ni, Delmar. Ṣé kí n díbọ́n pé mi ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Ó gbá ọwọ́ mọ́ ọwọ́ ọkọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, kó o díbọ́n. Lẹ́ẹ̀kan péré."

Tressa kọjú sí fèrèsé. Inú ń bí i, àánú ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe é. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ gidi títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí. Ìwé ìgbáradì wà lórí tábìlì níbẹ̀, Verlene sì ń gbé ìkòkò lé e.

Lọ́sàn-án Sátidé, Delmar ń fa ẹ́ńjìnnì kan jáde nínú ọkọ̀ aládùúgbò lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé. Ó pe ìyàwó rẹ̀. Tressa rò pé ó fẹ́ kóun bá a di nǹkan mú ni.

"Ibi tó o máa ń tàsé sí ńnú ìwé yẹn," Delmar sọ, kò wo ojú rẹ̀, "tí wọ́n ya okùn àti àgbá kẹ̀kẹ́ sí. Wá wò ó."

Ó fi ṣéènì tó gbé kọ́ ẹ̀ka igi àti àwọn àgbá kékeré tí ṣéènì náà gbà kọjá hàn án. Ó ní kó fà á. Tressa fà á, ẹ́ńjìnnì tí ọkùnrin mẹ́ta kò lè gbé sì ń dìde bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ṣéènì tó ò ń fà ló ń gùn, ẹrù ò lọ jìnnà," ó sọ. "O ń fi ìrìn gígùn ra agbára. Ó tán."

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Kí ló dé tí ìwé ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ò gbé ẹ́ńjìnnì rí." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Tressa, lọ ṣe é. Tí mo bá dúró fún oṣù mẹ́fà, mo lè tún gba méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo mọ ara mi."

"Ṣé kò ní dùn ẹ́?"

"Ó ti dùn mí ná. Ṣé kó tún wá jẹ́ lásán ni?"

Verlene kò gbà á bẹ́ẹ̀. "Obìnrin wo ló ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ kọ́ ìbọn yíyìn? Kí ni màá sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ó mọ ìṣirò, Mọ́mì," Delmar dáhùn. "Ẹ bi wọ́n ta ló mọ̀ ọ́n ńnú wọn."

Ní Beckley, wọ́n mú Tressa wọ yàrá kan tó tutù, níbi tí àwọn ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn ò tíì jáde dáadáa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kánjú débi pé ó tẹ ìdáhùn tí kò fẹ́ ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ò sì jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ó fẹ́ sunkún. Ó di ojú, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbàgbé ìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìbéèrè ń le sí i, ó sì ń lé wọn, títí tó fi wá dà bíi pé kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà mọ́. Mẹ́rìnléláàádọ́rin ló gbà.

Inú ọkọ̀ ni Delmar ti ń dúró, Opal sùn lẹ́yìn. Tressa sọ iye náà fún un. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, ó sì tún là. "Mẹ́rìnléláàádọ́rin," ó sọ. "Ìyẹn mà ju ti gbogbo ìdílé Stidham pa pọ̀ lọ." Ó fà á mọ́ra, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Àárọ̀ tí Tressa lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ sójà, Opal ń jẹ bísíkíìtì, kò mọ̀ pé ìyá òun kì í ṣe ibi iṣẹ́ ìfọṣọ ló ń lọ. Ìdajì ọ̀nà Beckley ni Tressa fi sunkún. Nílé, Delmar ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọ, kò sì mọ̀ ọ́n di rárá. Opal ń rìn kiri bí ẹni tí ìjì jà lù. Nílé epo, àwọn tí wọ́n jọ wa èédú rí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyàwó sójà! Ṣé o ti se oúnjẹ?"

"Mo ti sè é," Delmar máa ń dá wọn lóhùn. "Mọ́mì yín ló kọ́ mi."

Àwọn ọjọ́ kan wà tí àwàdà yẹn kì í jáde lẹ́nu rẹ̀, tí á kàn ra epo tí á sì máa lọ.

Ọjọ́ tí Tressa parí ìdálẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn wakọ̀ lọ sí South Carolina, Verlene náà wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Tressa rìn wá bá wọn nínú aṣọ sójà, ó ti rù, oòrùn ti pa á lójú. Opal wò ó, ó sì sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Tressa kúnlẹ̀ sórí koríko. Ó na ọwọ́ sí i. "Opal, Mọ́mì ni."

Ọmọ náà kò yọjú.

"Má fipá mú un," Delmar sọ jẹ́jẹ́. "Èmi náà ò dá ẹ mọ̀ lójú ẹsẹ̀."

Verlene ló kọ́kọ́ dì mọ́ Tressa. Ó ní ó ti rù jù, pé kí ni wọ́n fún un jẹ níbẹ̀. Wọ́n wá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran dídín, wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ibùdó tí wọ́n máa gbé Tressa lọ ní Texas lẹ́yìn tó bá ti kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un, àti pé àyè á wà fún Delmar láti rí iṣẹ́ mọ́tò níbẹ̀, bóyá. Ìgbà tí wọ́n ń jẹ áísìkirìmù ni Opal rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó fọwọ́ kan orúkọ STIDHAM tí wọ́n rán sí àyà ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì gun orí itan rẹ̀ lọ jókòó. Tressa ò mira.