Àmì Pẹ́ńsùlù

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mà," ni lọ́yà wí ní ọ́fíìsì rẹ̀. "Ẹ má kánjú."

Akọ̀wé náà tún ìjókòó ṣe. "Mo ń tẹ ìwé owó ọjà lọ́jọ́ náà. Ó ti rẹ̀ mí. Mo gbàgbé òdo kan, n ò sì padà kà á."

"Ó dáa. Àmọ́ ẹ má wolẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹni tó ṣàṣìṣe kì í wolẹ̀, ẹni tó jalè ló ń wolẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé náà, tó jókòó létí fèrèsé, rẹ́rìn-ín díẹ̀. Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti ń tẹ̀wé ní ilé ìtajà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń tòkè òkun wá, kò sì sẹ́ni tó tíì rí ibi tó ti ṣì í tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kòṣìtẹ̀. Àwọn oníbàárà mìíràn ò tiẹ̀ mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Bó bá ti tún ìwé kà tán, á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà bíńtín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Obìnrin yìí ni wọ́n ní kó lọ dúró níwájú adájọ́, kó ní òdo jábọ́ lọ́wọ́ òun.

Òdo kankan ò sì jábọ́. Lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n pè é wọ yàrá inú, tó tilẹ̀kùn. "Tẹ ìwé owó ọjà mìíràn fún mi. Àwọn tó tà á fún wa kọ irinwó dọ́là sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ kọ ogójì. Owó ibodè yìí ti fẹ́ẹ́ pa wá, gbogbo ayé ló sì ń ṣe é." Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì mọ́ tónítóní.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn méjèèjì ò wò ó. Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ kí òkun gbé ẹrù òun mì lásán, nítorí náà iye tó jẹ́ òótọ́ ló pè fún àwọn adójútòfò, tí wọn yóò sanwó fún un bí ọkọ̀ bá rì. Kòṣìtẹ̀ sì fi ìwé wọn sínú fáìlì kan náà, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ẹrù kan, fáìlì kan. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè wá béèrè fáìlì, òun náà ló fọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, tó tún fi omi tútù lé e. Wọ́n rí i pé iye méjèèjì ò bára mu, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà, wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n lẹ́jọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ẹjọ́.

"Kí ló tiẹ̀ gbé ìwé adójútòfò débẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. Kò pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ìwé kì í ṣáko."

Ẹ̀gbọ́n wo bàtà ara rẹ̀ títí. "Lọ́dún tí bàbá wa kú, mi ò wọ bàtà, kí ìwọ lè rí bàtà wọ lọ síléèwé. Mi ò sọ ọ́ rí. Mo ń sọ ọ́ lónìí."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Omi lé sí i lójú. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí ju bó ṣe lè fẹnu sọ lọ.

"Bí wọ́n bá gbà pé àṣìṣe ni, màá san ìyókù owó ibodè, a ó gba ẹrù wa. Bí wọn ò bá gbà, ẹ̀wọ̀n ni fún mi."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ? Ta ló ń fi akọ̀wé sẹ́wọ̀n torí òdo? Wọ́n á kàn ní o ò mọṣẹ́ ni."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ó dun Kòṣìtẹ̀ wọ egungun. Ojú sì tì í pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju irọ́ tó fẹ́ lọ pa lọ.

Nínú ilé ẹjọ́, lọ́yà wọn na ìwé náà sí i. "Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, mà?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣàlàyé fún ilé ẹjọ́. Ṣé àṣìṣe ni?"

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. Ìlà bíńtín náà wà nísàlẹ̀, lápá òsì. Ó ti gbàgbé pé òun fi í síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á rò pé ìdọ̀tí ni. Bó bá fi ìka nù ún báyìí, á parẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun náà ti rántí: ó dìde díẹ̀ lórí àga, ó tún jókòó.

"Màmá, a ń retí yín," ni adájọ́ wí.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ níbí, Olúwa mi. Àmì pẹ́ńsùlù kan wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá ti tún ìwé kà tán ni mo máa ń fi í sí i." Ó fìka tọ́ka sí i. "Kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tí mò ń tẹ̀."

Kò wolẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò títí ó fi sọ ọ́ tán, torí ó gbà pé bó ti wù kó kéré mọ, òun jẹ ẹ́ ní gbèsè pé kí òun wojú rẹ̀ sọ ọ́.