Ọ̀sẹ̀ Méjì Ṣúgà Àwòdì

Kí dókítà ilé-iṣẹ́ tó ní kí Àwòdì àti ìyàwó rẹ̀ jókòó ni Àwòdì ti ń rẹ́rìn-ín. Àwòdì ni wọ́n ń pè é nítorí pé òkè ló ti ń wá jíjẹ: ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń wa kíréènì, tó ń gbé irin lé orí ilé alájà mẹ́wàá. Ìwé tí yóò jẹ́ kó máa wà á lọ nìyí lórí tábìlì. Bí dókítà ò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ òkè parí. Nítorí àtọ̀gbẹ tó ń bá a jà, ẹ̀rọ pélébé bíi bọ́tìnnì ti lẹ̀ mọ́ apá òsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó ń ka ṣúgà ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù.

"Tá a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ogóje ni," ni dókítà wí.

Àwòdì fò dìde, ó jó yí àga ká. "Ogóje! Ọmọ àkàndá! Ẹ fún dókítà ní bírò!"

"Ẹ jókòó ná, sà." Dókítà yí kọ̀ǹpútà sí Àwòdì àti ìyàwó rẹ̀. Ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà rí ṣágaṣàga bí eyín ayùn. "Ọ̀tọ̀ ni pínpín dọ́gba, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń fò sókè sódò. Fífò yìí kò yẹ kó ju ìdá mẹ́rìndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tiyín jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Lójoojúmọ́, láago kan ọ̀sán, ó ń já sísàlẹ̀ àádọ́rin. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já báyìí lè dákú. Tí irin bá wà lókè ńkọ́?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Àwòdì. Òógùn bò ó.

"Aago kan?" ni ìyàwó rẹ̀ ké. "Dókítà, oorun ni! Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Híhanrun wọn ni mo kọ́kọ́ máa ń pàdé. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń sùn, apá òsì ni wọ́n sì ń dùbúlẹ̀ lé!"

Dókítà gbé ojú sókè. "Bí èèyàn bá fi ara tẹ ẹ̀rọ yìí, ó lè purọ́ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀. Ẹ sùn lé e ká wò."

Àwòdì nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún kọjá. Lójijì fóònù pariwo: méjìdínlọ́gọ́ta! Dókítà gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ mìíràn: ọgọ́fà.

"Ó purọ́ mọ́ mi!" Àwòdì fò sílẹ̀. "Bọ́tìnnì lásán ba olóòótọ́ lórúkọ jẹ́!"

Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ń yọ àwọn ìjáwálẹ̀ ọ̀sán náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bó ṣe dúró lójijì. "Ó ku ẹyọ kan. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ṣé ẹ sùn lé apá lọ́jọ́ náà? Bí ẹ bá sùn, màá yọ ọ́, màá fọwọ́ sí ìwé yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé orí ahọ́n Àwòdì. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ náà wá dúró síwájú rẹ̀: ó gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀gá ń kánjú, kò ráyè jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, irin ń mì dirodiro lófuurufú, ó kù díẹ̀ kó gbá orí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹni náà rò pé eré ni, ó tiẹ̀ tún juwọ́ sí i.

Ìyàwó rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ká máa lọ!"

"Mi ò sùn," ni Àwòdì wí. "Irin wà lókè, ojú mi sì ń ṣú. Ìyàwó mi, àbúrò rẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ ó wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ó tún abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ yín tò, a ó sì tún wọ̀n ọ́n."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin náà yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ fún àbúrò mi."

"Á tì mí ṣubú."

"Kó tì yín. Ẹ ò sí lókè mọ́, ibi tẹ́ ẹ máa ṣubú sí ò jìnnà."