Mọ́kànlá Tó Kù

"Ta ló fún mi ní òdo?"

Ìbídùn ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, ó koná mọ́ ìdí ìkòkò epo, ó sì na fóònù sí Àkànmú, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé. "Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn àlọ́."

Òótọ́ ni. Àkànmú kì í rí ohun tó ta kókó kó má tú u. Òun náà ló forúkọ Ìbídùn sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa epo pupa, lọ́jọ́ kan náà tó forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò béèrè mọ́ bóyá Ìbídùn ń kà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀. Mọ́kànlá péré ló kù lọ́sẹ̀ ìkẹyìn. Kò sí olùkọ́ tí yóò yẹ iṣẹ́ wọn wò. Àwọn fúnra wọn ló ń fún ara wọn ní máàkì, láìrí orúkọ. Àkànmú yẹ ti ẹni mẹ́ta wò, ó sì ti gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.

"Ẹni méjì fún mi ní mẹ́rìndínlógún nínú ogún," ni Ìbídùn wí. "Ẹni kẹta ló pa mí; òdo rẹ̀ kò jẹ́ kí máàkì mi tó ti ìwé ẹ̀rí."

Òní ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin elépo ní Tatonnonkon, ní orílẹ̀-èdè Benin, yóò yan ẹni tí yóò máa yẹ epo wọn wò. Láìsí ìwé ẹ̀rí, kò sí ìdí tí Ìbídùn fi máa débẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi jókòó lẹ́bàá ọ̀nà Oko-Akarè, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, ti wọmi.

"Òyìnbó kan ni," ni ìyá Àkànmú wí níbi tó ti ń ṣa ẹyìn. "Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí! Ẹni tí kò mọ epo yàtọ̀ sí omi ata ló ń dájọ́ elépo."

Àkànmú rẹ́rìn-ín. "Ará Paris ni, Ìyá. Ìyàwó, kí lo kọ gan-an?"

"Wọ́n ní báwo la ṣe ń mọ̀ pé epo ti jiná. Mo ní kí wọ́n tẹ́tí. Bí omi bá tán nínú rẹ̀, ariwo rẹ̀ á rọlẹ̀."

Ẹ̀rín dúró sẹ́nu Àkànmú. Lábẹ́ òdo náà, ìlà kékeré kan wà tí Ìbídùn kò tẹ̀ rí. Ó tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn kan jáde lédè Faransé: *Etí kọ́ ni a fi ń se epo.*

Àkànmú rántí ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́, bó ṣe dùn mọ́ ọn tó, tó fi kà á sétí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn mọ́kànlá, ó ti fojú inú rí ará Dakar, ará Abidjan, ará Paris. Kò fojú inú rí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀.

"Wọ́n sọ nǹkan kan ni?" Ìbídùn bi í, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí ojú fóònù náà.