Èjìká Ọ̀tún Uncle Enoch

Nígbà tí àwọn akọrin gbé orin ìyìn kejì, gbogbo ìjọ na ọwọ́ méjèèjì sókè, àfi Uncle Enoch. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sókè dáadáa. Ọ̀tún gòkè dé ìwọ̀n àyà, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé àyà bí ẹni tí Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé. Ìyá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tiẹ̀ mi orí, ó ní, "Daddy wa, Daddy wa." Doyinsọ́lá tó dúró ní ìlà kejì sí wọn kò mi orí ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe nílé ìwòsàn ni pé kó máa kọ́ àwọn arúgbó tí ara wọn ń bọ̀ sípò bí wọ́n ṣe máa wọ aṣọ fúnra wọn kí wọ́n tó padà sílé. Bó bá rí èjìká tó ti gan, ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀mí kọ́ ló ń ṣe èyí.

Ká ní ẹlòmíràn ni, kì bá má jẹ́ nǹkan bàbàrà. Ta ni apá kì í dùn lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún? Ṣùgbọ́n Uncle Enoch kì í fi Sátidé rẹ̀ sùn bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ńṣe ló máa ń fò jáde láti inú ọkọ̀ òfúrufú, pẹ̀lú párásúùtì lẹ́yìn, ní pápá kékeré kan ní ìgbèríko Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́, débi pé àwọn ìyá ìjọ tó ń gbààwẹ̀ kó lè jáwọ́ ti gbààwẹ̀ náà títí, ó ti sú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ba Doyin lẹ́rù. Párásúùtì wà nínú àpò tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ni wọ́n ń fà kó tó lè ṣí, kò tóbi ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ àpò náà ló sì wà, lápá ọ̀tún, níbi tí ojú kò lè dé. Èèyàn á na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, á fi ìka wá a kàn, á fà á. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀yìn ìdí yín. Bí kò bá le fún yín, ẹ dúpẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gòkè nínú orin ìyìn kò lè débẹ̀ láìjẹ́ pé ó jà fún un, òfúrufú kò sì fún èèyàn láyè ìjà.

Níbi tó dúró sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni Doyin, tí òun náà ń fò, ti rántí Sátidé tó kọjá ní pápá. Òun ti balẹ̀ ṣáájú, ó ń ká párásúùtì tirẹ̀ jọ, ó wá gbójú sókè wo àwọn tó ń bọ̀. Párásúùtì gbogbo wọn ti ṣí, wọ́n ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Ti Uncle Enoch kò tíì ṣí. Ó ń já bọ̀, ó ń já bọ̀, títí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Doyin fi dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, kó tó wá ṣí. Nígbà tó dé ilẹ̀, ó ní òfúrufú dùn mọ́ òun ni, òun kò fẹ́ kó tán. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Doyin náà rẹ́rìn-ín.

Kò rí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀ mọ́ báyìí. Ẹ̀rù bà á.

Kì í ṣe ẹni tó kàn ń kí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Uncle Enoch jẹ́ sí i. Nígbà tí Doyin dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò tíì mọ ọ̀nà kankan, ilé Uncle ní Thamesmead ló kọ́kọ́ sùn sí. Uncle ló fi ọ̀nà bọ́ọ̀sì hàn án, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ òtútù ní ìpele ìpele. Nígbà tó rí i pé ọmọ náà ń sunkún nínú yàrá lọ́jọ́ tí kò síṣẹ́, ó gbé e lọ sí pápá ní Kent kó lọ wòran. Doyin wòran títí, òun náà sì wọ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Níbẹ̀ ló ti rí Uncle Enoch mìíràn. Ní Plumstead àti Woolwich, Daddy ni gbogbo èèyàn ń pè é. Wọ́n fẹ́ kó bá wọn wáṣẹ́ sí Crossness níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ omi ẹ̀gbin ṣe, wọ́n fẹ́ kó bá wọn wá yàrá, kó bá wọn parí ìjà tọkọtaya. Ní pápá, Enoch lásán ni. Ọmọ ogún ọdún á gbá a léjìká, á ní kó sún síwájú. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sọ fún Doyin lẹ́ẹ̀kan pé òfúrufú nìkan ni ibi tí ẹnì kankan kì í ti í béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun.

Fífò náà kọ́ ló le jù fún Doyin láti kọ́. Àṣà àyẹ̀wò wọn ni. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbànú àyà, ìgbànú itan, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn. Bí ẹni tó dé lánàá bá rí ohun tí kò dáa lára ọ̀gá, yóò dá ọ̀gá dúró níwájú gbogbo ayé, ọ̀gá á sì dúpẹ́. Doyin tí wọ́n tọ́ pé kó má wo àgbà lójú ń yẹ Uncle wò bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀, á ní, "Ó ti dáa, Uncle." Àwọn tó kù náà kì í yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa mọ́, nítorí òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Lẹ́yìn ìsìn, Doyin lọ dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀.

"Uncle, ẹ kú ìsìn o. Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe apá yín?"

"Apá kẹ̀? Mo fi sùn ni. Pillow yẹn ni mo máa jù nù."

"Ṣé kí n bá yín wò ó?"

"Doyin, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ward. Sunday la wà. Ṣé o ti jẹun?"

Doyin ní òun ti jẹun, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Irú ọmọ tí wọ́n tọ́ ọ láti jẹ́ nìyẹn. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ṣí i, ó kúnlẹ̀ fún ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó sọ ọ́ fún Ṣemílọ́rẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé báyìí. Thamesmead ni wọ́n bí Ṣemílọ́rẹ sí, nǹkan kì í sì le lójú rẹ̀.

"Sis, it's not that deep. Text Anisah." Anisah ni olórí ètò ààbò ní pápá náà.

"Wọ́n máa ní kí Uncle má fò mọ́."

"Ehn, kó má fò mọ́ now. Ṣé kó kú ló dáa?"

"O ò mọ̀ wọ́n."

"Mo mọ Uncle Enoch. Ó kọ́ mi ní bicycle. Just text her, man."

Doyin kò ránṣẹ́. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi ẹjọ́ bàbá rẹ̀ sun ọlọ́pàá. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀sì ní Woolwich Common, á fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú bárékè àwọn ṣọ́jà, á máa dá sọ ọ̀rọ̀ tí yóò bá Uncle sọ. Bó bá sọ ọ́ ní Yorùbá, á dà bí àfojúdi. Bó bá sọ ọ́ ní òyìnbó, á dà bí ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń dá èèyàn dúró. Bó bá sì gbìyànjú láti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, á tún rí Uncle tó ń já bọ̀ láti òkè, tí nǹkan kan ò ṣí.

Ní Sátidé, Uncle wá fi mọ́tò gbé e gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń sọ nípa ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó kù sí dẹ̀dẹ̀, pé bó bá ti fẹ̀yìn tì tán, kò ní dúró de Sátidé mọ́, á máa lọ sí pápá láàárín ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. Doyin ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sir." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kó jọ láti Woolwich Common ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n ń múra, Doyin wo bí Uncle ṣe gbé àpò párásúùtì wọ̀. Apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ kì bọ inú ìgbànú, ó fi ọwọ́ òsì ràn án lọ́wọ́, ó wá yí ara padà kí òsì tó wọlé. Ohun tí Doyin ń kọ́ àwọn aláìsàn ní àràárọ̀ gan-an nìyí, pé apá tó ń dùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ Uncle. Ìrora ló kọ́ ọ.

Wọ́n tò síta. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ti ń pariwo. Anisah ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ọ̀dọ̀ Uncle, ó fọwọ́ kan ìgbànú àyà rẹ̀, ó ní, "Enoch, you're good," ó sì kọjá lọ bá ẹni tó kù.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yẹn kí n rí i."

Uncle wò ó. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ìka rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ó dúró. Ó yí ara díẹ̀. Kò dé ibẹ̀.

"O ti rí i."

"Ẹ ò kàn án, sir."

"Doyin, wọ ọkọ̀."

Doyin kò rò ó rárá. Kó tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wà nínú koríko tútù, láàárín Uncle àti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, pẹ̀lú àṣíborí lórí àti àpò ńlá lẹ́yìn.

"Dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò wá. Uncle, ẹ má wọ ọkọ̀ yìí."

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Nítorí kí n má bàa dójú tì yín ni mo ṣe kúnlẹ̀. Yorùbá ni mò ń sọ, wọn ò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, màá dìde, màá sọ ọ́ ní òyìnbó."

"Machine tó ń ṣí i fúnra rẹ̀ wà nínú àpò mi."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá gbọ́kàn lé machine yẹn, kó jókòó sílé." Doyin tún ní, "Last Saturday, ẹ ò rí bọ́ọ̀lù yẹn, àbí?"

"Mo wá a," Uncle ní. "Mo wá a títí, mi ò rí i. Mo ti ń pe Jésù kí ọwọ́ mi tó bà á."

"Kí ló wá dé tí ẹ tún padà wá?"

"Ibo ni kí n lọ?"

Àánú rẹ̀ ṣe Doyin débi pé ó fẹ́ dìde kó jẹ́ kó lọ, kó lọ sí ibi kan ṣoṣo tí wọn kì í ti í béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dìde.

Anisah ti ń sáré bọ̀. Ó rò pé ara Doyin ni kò yá, ó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Uncle wo Doyin. Doyin tẹjú mọ́ koríko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà létè rẹ̀ ní òyìnbó.

"It's me," Uncle ní. "It's my shoulder."

Anisah ní kó gbé apá náà sókè. Kò lè gbé e. Anisah kò pariwo, kò sì bá a wí. Ó kàn ní kò ní fò títí dókítà yóò fi tọ́jú rẹ̀, tí òun fúnra òun yóò sì rí i tó ń fa bọ́ọ̀lù náà láìjà, bí ọjọ́ yẹn bá dé. Ọkọ̀ gbéra láìsí àwọn méjèèjì.

Uncle fi mọ́tò gbé e padà dé Thamesmead. Nígbà tí mọ́tò dúró, Doyin ní, "Ẹ ṣé, Uncle. Ẹ má bínú." Uncle tẹjú mọ́ ọ̀nà títí Doyin fi sọ̀ kalẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Uncle kò gbé fóònù Doyin mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó lọ sí apá kejì lọ jókòó. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi Doyin pé kí ló ṣe fún Daddy, kò sì lè sọ. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ń béèrè Enoch, kò gbádùn ibẹ̀, ó sì padà sílé kí wọ́n tó parí. Ó dùn ún gan-an. Àwọn òru kan wà tó rò pé bóyá òun gba nǹkan kan ṣoṣo tó kù fún ọkùnrin náà.

Ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pàdé ní Plumstead High Street. Doyin ra iṣu, ó ń jáde, Uncle ń bọ̀ níwájú gan-an, kò sí ibi tó lè yà sí. Doyin kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàsán, sir."

Uncle dúró. "Doyin, inú ń bí mi sí ẹ o."

"Mo mọ̀, sir."

"Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ó ń bí mi gan-an ni."

"Ẹ jẹ́ kó máa bí yín, sir."

Ó wò ó bí ẹni tó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ó mi orí, ó sì yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dúró kí bọ́ọ̀sì kọjá, ó sọdá títì. Doyin dúró lójú kan náà pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, ó ń wò ó títí ó fi dé òdìkejì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe lè ṣàlàyé lọ. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ọkùnrin yẹn pẹ́ láyé dáadáa, kó dàgbà, kó darúgbó kùjọ́kùjọ́, kó sì máa bínú sí òun.