Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Péré

Ẹ má wá ẹni tí ẹ máa bú, èmi Sigbritt ni mo yàn án. Ilé tí a ń kó ohùn àwọn àgbà pamọ́ sí ní ìlú Härnösand ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo fáìlì wa wà nínú ẹ̀. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń lò. Nígbà tó kan ká yan ètò tí yóò máa ṣe ẹ̀dà wọn, Torkel, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ní ká mú èyí tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ fún ọdún kan. Mo ní á gba àyè jù. Èyí tí mo mú, bí èèyàn bá pa fáìlì rẹ́, ẹ̀dà ẹ̀ á wà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá péré, òun náà á sì lọ. Mo tún fi Torkel ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ta ló máa pa nǹkan gidi rẹ́ tí ò ní mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì?

Mi ò rántí oṣù Keje rárá. Tó bá ti dé, ọ́fíìsì á tì, oníkálùkù á gba ilé etí omi lọ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí a tó lọ, a máa ń gbálẹ̀, a sì máa ń palẹ̀ inú kọ̀ǹpútà mọ́. Ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́ ọdún náà ni mo pa fódà kan rẹ́, mo rò pé àpọ̀jù ni. Mo lọ wẹ̀ lódò, mo jẹ ẹja, ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ tí a wọlé padà, Màmá Gunvor dé. Oṣooṣù ló ń wá gbọ́ ohùn Halvar, ọkọ ẹ̀ tó ti kú, tí a gbà sílẹ̀ ní apá méjì. Mo wá ohùn náà tì; inú fódà tí mo pa rẹ́ ló wà. Mo sáré wo ẹ̀dà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Káàdì inú ẹ̀rọ tí a fi gba ohùn náà sílẹ̀, a ti fi gba ohùn ẹlòmíì. Torkel dúró lẹ́yìn mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Mo jókòó ti màmá, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó bi mí pé:

“Apá kejì ńkọ́?”

“Gbogbo ẹ̀ ló lọ, Màmá.”

“Mi ò tíì gbọ́ apá kejì. Mò ń fi pamọ́ de ìgbà tí ara mi ò bá gba àárò ẹ̀ mọ́ ni. Kí ló sọ níbẹ̀, Sigbritt?”

Mo gbé! Èmi nìkan ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí mo kó o sínú kọ̀ǹpútà. Mò ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà yẹn, mi ò fetí sí i.